Ẹ Sọ Ìtumọ̀ Iye Kí Ẹ Tó Kà Á

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi dátà jẹun, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yaba, ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkè òkun láti inú yàrá yín, ẹ fetí sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń sáré kọjá nítorí pé kò hàn sójú ayé. Iṣẹ́ náà ni kíkọ view àti ṣíṣe ìtọ́jú rẹ̀ nínú sọ́fítíwíà Business Intelligence, èyí tí gbogbo wa ń pè ní BI.

Mo mọ ohun tó ń wù yín. Dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń wù yín, nítorí òun ni ọ̀gá ń rí, òun ló sì ń yìn. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún view. Bẹ́ẹ̀ inú view ni a ti ń pinnu ohun tí "títà" jẹ́, ẹni tí à ń pè ní oníbàárà, àti ọjọ́ tí ọ́dà kan bọ́ sí. Bí ìpinnu yẹn bá wọ́, àwòrán tó rẹwà jù lọ á kàn fi àwọ̀ mèremère kun irọ́ ni. Ohun tí mo ní láti sọ fún yín kò ju ọ̀kan lọ: ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ìtumọ̀ iye kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìtumọ̀ náà síbì kan ṣoṣo, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa dáhùn fún un. Gbogbo ìyókù tí ẹ máa kà níhìn-ín, àlàyé ọ̀rọ̀ yìí ni.

Ibi tí view ti wá

Ní ọdún 1970, Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose ní Kalifóníà, tẹ àròkọ kan jáde. Ó ní kí a máa to dátà sínú àtẹ tó ní ìlà àti òpó, kí ẹni tó ń béèrè ìbéèrè má sì nílò láti mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe tò ó pamọ́. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, àwọn náà ní IBM, gbé èdè kan jáde fún bíbéèrè ìbéèrè lọ́wọ́ irú àtẹ bẹ́ẹ̀. SEQUEL ni wọ́n pè é; òun ló di SQL tí ẹ ń kọ lónìí. Inú ìdílé yìí ni view ti jáde. Ìbéèrè tí a fún lórúkọ tí a sì fi pamọ́ sínú dátábéèsì ni. Kò kó dátà kankan sápò ara rẹ̀: ìgbàkígbà tí ẹnìkan bá pè é, á padà lọ bá àwọn àtẹ gidi, á sì mú èsì tuntun wá. Èyí tó bá ń tọ́jú èsì pamọ́ ni wọ́n ń pè ní materialized view. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ní 1990, ilé iṣẹ́ Business Objects bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n fi ìpele kan sáàárín dátábéèsì àti ẹni tó ń lò ó, kí akọ̀wé owó lè rí orúkọ tó yé e dípò orúkọ òpó bíi `amt_ttl_03`. Ralph Kimball gbé ìwé The Data Warehouse Toolkit jáde ní 1996, ó sì kọ́ àwọn ènìyàn láti ya àtẹ ìṣẹ̀lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àtẹ àpèjúwe. Títà, ìsanwó àti ìfiránṣẹ́ jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Oníbàárà, ọjà àti ẹ̀ka ilé iṣẹ́ jẹ́ àpèjúwe. Ní 2012, Lloyd Tabb àti Ben Porterfield dá Looker sílẹ̀ ní Santa Cruz ní Kalifóníà, wọ́n sì fi èdè LookML sínú rẹ̀. Nínú LookML, àtẹ kọ̀ọ̀kan ní view tirẹ̀, tí ó jẹ́ fáìlì tí ènìyàn lè kà. Dimension ni ohun tí a fi ń pín iye sí ọ̀nà, bí ìlú tàbí oṣù. Measure ni ohun tí a ń ṣírò, bí àpapọ̀ owó tàbí iye ọ́dà. Ní 2019 Google kéde pé òun máa ra Looker ní bílíọ̀nù 2.6 dọ́là. Nínú Power BI, tí Microsoft gbé jáde fún gbogbo ènìyàn ní 2015, orúkọ yàtọ̀, èdè DAX ni wọ́n sì fi ń kọ measure, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ nínú ọ̀kan kò ní ṣìnà nínú èkejì.

Kí ni ìlà kan dúró fún?

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú view, ẹ bi ara yín léèrè pé: nínú àtẹ yìí, kí ni ìlà kan dúró fún? Ẹ kọ ìdáhùn náà ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì fi sókè fáìlì. "Ìlà kan jẹ́ ọ́dà kan." "Ìlà kan jẹ́ ẹrù kan nínú ọ́dà." "Ìlà kan jẹ́ ìgbìyànjú ìsanwó kan, yálà owó wọlé tàbí kò wọlé." Bí ẹ kò bá lè kọ gbólóhùn yìí, ẹ kò tíì mọ àtẹ náà, ẹ má sì tíì kọ́ nǹkan kan lé e lórí. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Oníbàárà kan ra ṣẹ́ẹ̀tì, fìlà àti bàtà nínú ọ́dà kan ṣoṣo. Owó ìfiránṣẹ́ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,000. Nínú àtẹ ọ́dà, ìlà kan ló wà, ₦2,000 sì wà lórí rẹ̀. Nínú àtẹ ẹrù, ìlà mẹ́ta ló wà. Nígbà tí ẹ bá so àtẹ méjèèjì pọ̀, ìlà ọ́dà yẹn á fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta, àpapọ̀ owó ìfiránṣẹ́ á sì di ₦6,000. Kọ̀ǹpútà kò ní pariwo, nítorí SQL náà kò ní àléébù kankan lójú tirẹ̀. Iye yẹn á rọra wọlé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ilé iṣẹ́ á rò pé owó ìfiránṣẹ́ ń mú èrè wá, wọ́n á sì dín in kù fún oníbàárà. Nígbà tí àdánù bá wá yọjú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, owó àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù kiri ni wọ́n á kọ́kọ́ gé. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ view ló máa san gbèsè yẹn.

Looker ní ọgbọ́n kan fún èyí. Bí ẹ bá sọ fún un òpó wo ni kọ́kọ́rọ́ àtẹ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn òpó tí ìlà méjì kò lè jọ ní iye kan náà nínú rẹ̀, tí ẹ sì sọ òtítọ́ nípa bí àtẹ méjì ṣe so kọ́ra, á ka ọ́dà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni ọgbọ́n náà gbára lé. Bí ẹ bá kọ `primary_key: yes` sábẹ́ òpó tí iye kan náà lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí ẹ kọ `many_to_one` síbi tí kò rí bẹ́ẹ̀, á gbà yín gbọ́, á sì fi irọ́ yín ṣírò. Nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ ka iye ìlà tó wà nínú àtẹ, kí ẹ tún ka oríṣiríṣi kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú rẹ̀. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìtìjú ọdún kan.

Ìpinnu tó fara pamọ́ sínú owó àti ọjọ́

Ẹ mú owó. Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, máa ń fi kọ́bọ̀ ka owó nínú API rẹ̀, tó fi jẹ́ pé 500000 ni ₦5,000 máa ń jẹ́. Inú view ló yẹ kí a ti pín in sí ọgọ́rùn-ún, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa pín in lórí ìjábọ̀ tirẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan máa gbàgbé, tí ẹlòmíràn á sì pín in lẹ́ẹ̀mejì.

Láti oṣù kejì ọdún 2020, VAT wa jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí oníbàárà bá san ₦10,750 lórí ọjà tó ní VAT, ₦750 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba. Ṣé ₦10,750 ni títà yín, àbí ₦10,000? Ọ́dà tí wọ́n fagi lé ńkọ́? Ẹrù tí wọ́n dá padà ńkọ́: ṣé inú oṣù tí wọ́n rà á ni ẹ máa ti yọ ọ́ kúrò ni, tàbí inú oṣù tí wọ́n dá a padà? Kò sí ìdáhùn tó ti ọ̀run wá lórí èyí. Àwọn ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó, kí wọ́n pinnu, kí view sì sọ ìpinnu náà ní gbangba. Ohun tí kò dára ni kí ẹ̀yin nìkan pinnu rẹ̀ ní òru, láàárín `WHERE` àti `AND`, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Ẹ mú àkókò. Ọ̀pọ̀ dátábéèsì ń fi UTC kọ àkókò, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú UTC. Ọ́dà tó wọlé ní agogo méjìlá òru kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ kìíní oṣù keje, á wà nínú àtẹ gẹ́gẹ́ bí agogo mọ́kànlá alẹ́ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà. Bí view kò bá yí i padà, owó oṣù keje ti wọ inú oṣù kẹfà, ti ìdajì ọdún kejì ti wọ inú ti àkọ́kọ́. Ẹ kọ orúkọ agbègbè náà ní kíkún, `Africa/Lagos`, dípò kí ẹ kàn fi wákàtí kan kún un; nítorí bí ilé iṣẹ́ yín bá ní ẹ̀ka ní Lọ́ńdọ̀nù, agogo tiwọn ń yí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tiwa kì í yí.

Ẹ mú dọ́là. Kí ìjọba tó tú okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Bí view yín bá ń fi iye pàṣípààrọ̀ òní yí gbogbo títà àtijọ́ padà, owó tí ẹ pa ní 2022 á máa yí padà láràárọ̀. Ohun tó ti kọjá kò gbọdọ̀ máa mì. Ẹ so iye pàṣípààrọ̀ mọ́ ọjọ́ tí títà náà wáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníbàárà tó kó láti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta: bí ẹ bá kàn pa Ìbàdàn rẹ́ tí ẹ kọ Abẹ́òkúta, gbogbo ohun tó ti rà láti ọdún wọ̀nyí á bá a kó lọ, ẹ̀ka Ìbàdàn á sì dà bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ tọ́jú ibùgbé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kí títà kọ̀ọ̀kan lè dúró síbi tó ti ṣẹlẹ̀.

Orúkọ wa àti nọ́ńbà wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rí ewu yìí. Lẹ́tà ọ tó wà nínú Ṣọlá lè wọ inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì: ó lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè wọlé gẹ́gẹ́ bí o lásán tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Dátábéèsì lè kà wọ́n sí orúkọ méjì. Ẹ wá fi àwọn tó ń kọ Sola láìfi àmì sí i kún un, ẹnì kan ṣoṣo ti di mẹ́ta lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi orúkọ so àtẹ pọ̀ láé. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí sọ́fítíwíà fún oníbàárà ni kí ẹ fi so ó. Ẹ jẹ́ kí view sọ gbogbo orúkọ di ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà kan tí kò ní àmì fún wíwá kiri. Ṣùgbọ́n ẹ má bọ́ àmì kúrò lórí orúkọ tí ẹ máa fi han ènìyàn. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa kò yẹ kó rí i ní àbùkù nínú ìwé yín.

Nọ́ńbà fóònù alágbèéká wa ní ẹyọ mọ́kànlá, òdo ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí sọ́fítíwíà bá kà á sí iye, òdo iwájú á ṣubú, nọ́ńbà náà á sì di ohun tí a kò lè pè mọ́. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ nínú view, nítorí kò sẹ́ni tó ń ro nọ́ńbà fóònù pọ̀. Ẹ tún rántí pé ẹnì kan náà lè fi +234 kọ ọ́ lónìí, kó sì fi òdo kọ ọ́ lọ́la. Ẹ yan ọ̀nà kan, kí view yí ìyókù sí i.

Iye tí a kì í rò pọ̀

Ká ní ènìyàn mẹ́rin wọ ẹ̀ka Ìkẹjà lónìí tí méjì sì ra ọjà. Ìyẹn jẹ́ 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn wọ ẹ̀ka Sùúrùlérè, mẹ́wàá rà; ìyẹn jẹ́ 10. Bí ẹ bá ro 50 àti 10 pọ̀ tí ẹ sì pín in sí méjì, 30 lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjìlá ló rà nínú 104, ìyẹn 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo bí ọ̀nà 30 àti 11.5 ṣe jìn síra tó! Ọ̀nà àbáyọ ni kí measure yín máa ro àwọn tó rà pọ̀, kó ro àwọn tó wọlé pọ̀, kó tó wá pín ọ̀kan fún èkejì. Ẹ má ṣe tọ́jú ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sínú àtẹ kí ẹ tún wá máa ro ó pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iye àwọn oníbàárà rí. Ẹni tó ra ọjà ní oṣù kìíní, kejì àti kẹta jẹ́ ẹnì kan nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan náà ló sì tún jẹ́ bí a bá ka oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀. Bí ẹ bá ro iye oṣù mẹ́ta pọ̀, ẹ ti sọ ọ́ di mẹ́ta. Ìdí nìyí tí measure fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlànà tí sọ́fítíwíà yóò tún tẹ̀ lé nígbàkígbà tí ẹnìkan bá yí oṣù tàbí ìlú padà.

Ìtọ́jú lẹ́yìn kíkọ

Ọ̀pọ̀ view kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀dà ló ń bà á jẹ́. Ẹnìkan ń kánjú, ó da view ọ́dà kọ, ó sọ ọ́ ní `orders_2`. Ẹlòmíràn da ìyẹn kọ, ó sọ ọ́ ní `orders_final`. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá wá yí ìtumọ̀ títà padà, ọ̀kan á gbọ́, méjì kò ní gbọ́. Mo ti jókòó sínú ìpàdé tí ẹ̀ka méjì gbé iye títà méjì wá fún oṣù kan náà, tí wọ́n sì lo àsìkò ìpinnu fún iyàn jíjà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye títà gbọ́dọ̀ ní orísun kan. Bí ẹ bá nílò ohun tó fara jọ view kan, ẹ kọ́ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. LookML ní `extends` fún irú èyí, ó sì ní refinement. Ohun tó yàtọ̀ nìkan ni ẹ máa kọ, ìyókù á máa ti ibì kan náà wá.

Ẹ máa lo Git, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àtúnṣe tí ẹ bá ṣe sí fáìlì. Linus Torvalds ló ṣe é ní 2005, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ BI lónìí sì ń bá a ṣiṣẹ́. Nínú Looker, ibi tí ẹ ti ń dán àtúnṣe wò yàtọ̀ sí ibi tí gbogbo ilé iṣẹ́ ti ń wo iye. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àtúnṣe kankan kọjá sí òdìkejì láìjẹ́ pé ojú ẹlòmíràn ti rí i. Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń sin àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ka "mo ṣe àtúnṣe" lẹ́yìn ọdún méjì kò rí nǹkan kan gbọ́. Ẹni tó bá ka "a yọ ọ́dà tí wọ́n fagi lé kúrò nínú iye títà, olórí ẹ̀ka owó ló fọwọ́ sí i" ti rí ohun gbogbo. Kí ẹ tó yí orúkọ òpó tàbí measure padà, ẹ wo gbogbo ìjábọ̀ tó gbára lé e. Looker ní Content Validator tó ń fi èyí tó máa fọ́ hàn yín. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ kọ àlàyé sábẹ́ dimension àti measure kọ̀ọ̀kan, ní èdè tí ẹni tó ń tajà máa gbọ́. Ẹ fi òpó tí kò wúlò fún ènìyàn pamọ́ pẹ̀lú `hidden: yes`, kí akọ̀wé má baà máa yan láàárín ọjọ́ mẹ́fà tó jọra. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, ẹ pa á rẹ́. Git á rántí rẹ̀ fún yín.

Ní ti view tó ń tọ́jú èsì pamọ́, ó yára, ó sì ń dín owó tí dátábéèsì ń gbà kù, ṣùgbọ́n èsì àná ni ó lè máa fi hàn. Ẹ fi àkókò tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó fẹ́ mọ iye àpò sìmẹ́ǹtì tó kù kó tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá iye òwúrọ̀ yìí ló ń wò tàbí ti alẹ́ àná.

Ẹ tún ṣọ́ àṣírí àwọn ènìyàn. Nàìjíríà ní òfin tó ń dáàbò bo dátà ènìyàn, Nigeria Data Protection Act, láti ọdún 2023. Ẹni tó ń wo títà ẹ̀ka Ọ̀ṣogbo kò nílò nọ́ńbà fóònù oníbàárà Èkó. Inú view àti àṣẹ tó wà lórí rẹ̀ ni ẹ ti máa sé ọ̀nà yẹn: `access_filter` wà nínú Looker, ipò oníṣẹ́ tó ń dín ìlà kù wà nínú Power BI. Ẹ ro oníbàárà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ìyá yín ni, kí ẹ tó jẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe ń fẹnu kò

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin mọ SQL. Ẹni tó ti ń ṣe ìwé owó láti ogún ọdún mọ ohun tí risíìtì kan túmọ̀ sí. Ẹ pe ẹ̀ka owó, ẹ̀ka títà àti àwọn tó ń kó ẹrù jọ. Ẹ mú ọ́dà mẹ́wàá jáde, kí ó ní èyí tí wọ́n fagi lé nínú, kó ní èyí tí wọ́n dá padà, àti èyí tí wọ́n fi dọ́là san. Kí ẹ jọ ṣírò wọn lórí ìwé, kí gbogbo ènìyàn sọ ìdí tó fi ka ọ̀kan tó sì fi èkejì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ èrò ti máa ń jáde, ibẹ̀ náà sì ni ìtumọ̀ ti máa ń dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ wá wò ó bóyá view yín mú èsì kan náà jáde lórí ọ́dà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn. Ẹ tọ́jú wọn gẹ́gẹ́ bí ìdánwò, kí ẹ máa tún un ṣe lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe.

Bí èrò kò bá bára mu, ẹ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ pin sí lọ́wọ́. Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ ayé ó gún. Kí olórí ẹ̀ka owó ní ìtumọ̀ títà, kí olórí iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ ní ìtumọ̀ ẹrù tó dé lásìkò, kí ipò wọn sì wà nínú àlàyé measure náà.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ yí i díẹ̀

Èyí ló jẹ mí lógún jù. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìpàdé àwọn olùdókòwò máa ku ọ̀la, tí ọ̀gá á sì pè yín sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oníbàárà tó ń ra ọjà déédéé, tí ẹ ti ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ sí ẹni tó rà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ọ̀gá á ní kí ẹ sọ ọ́ di ti àádọ́rùn-ún ọjọ́, kí orúkọ rẹ̀ má sì yí padà. Iye náà á fò sókè lójú ẹsẹ̀. Kò sí àtẹ tí wọ́n fọwọ́ kàn, kò sí ọ́dà tí wọ́n dá fúnra wọn. Iye ọjọ́ kan ṣoṣo ló yí padà nínú fáìlì kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo wa la mọ oníṣòwò tó ń lu ìdí kọ́ngò rẹ̀ wọnú kó tó fi wọn ìrẹsì. Ó ṣì ń pè é ní kọ́ngò kan, ó sì ń gba owó kọ́ngò kan. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ fi view ṣe nìyẹn.

Ẹ má jà, ẹ má sì ṣàfojúdi. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a lè ka àwọn tó rà láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, kò burú. Ẹ jẹ́ ká fún un lórúkọ tirẹ̀, ká sì fi ti ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn tó ń wò ó lè rí méjèèjì." Ọ̀pọ̀ ọ̀gá á gbà, nítorí ẹ ti fún wọn ní ọ̀nà tí wọn kò ní fi tijú lẹ́yìn ọ̀la. Ìtumọ̀ lè yí padà. Òwò ń dàgbà, ìlú ń yí. Kí ìyípadà náà ní ọjọ́, kó ní ìdí, kó ní ẹni tó fọwọ́ sí i, kí ó sì hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pé láti ọjọ́ báyìí ni a ti ń kà á lọ́nà tuntun. Bí ọ̀gá bá kọ̀ jálẹ̀ pé àfi kí ẹ yí i ní ìkọ̀kọ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i, kí ó wà lákọsílẹ̀, kí ẹ má sì fi ọwọ́ ara yín ṣe é. Iṣẹ́ mìíràn wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí iye ṣeé gbà gbọ́ kì í pẹ́ níta.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ yan iye kan tí ilé iṣẹ́ yín ń wò jù lọ. Ẹ wá gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ ìtumọ̀ rẹ̀, nínú view, nínú ìjábọ̀, nínú fáìlì Excel tó wà lórí tábìlì ẹnìkan. Ẹ kó wọn jọ, ẹ fi han àwọn tó ni ọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ wọ́n di ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ mú òmíràn. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ kan á dé tí wọ́n á máa sọ nínú ìpàdé pé "ẹ bi ọmọ yẹn, bó bá ti sọ iye kan, bẹ́ẹ̀ ni." Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ rí ọjọ́ náà, á sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín ṣe àwọn tí kò mọ̀ yín láǹfààní.